Sùúrù Lórí Iṣẹ́ Ẹni: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Adébáyọ̀ Akinfenwa, Agbábọ́ọ̀lù

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Tirẹ̀ ni gbogbo ọpẹ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó tẹ̀lé wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin arákùnrin àti arábìnrin wa nínú Islam, Gillingham, Northampton, Wycombe: orúkọ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kéékèèké ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìwọ̀nyí. Orí ìwé tẹ́tẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ti mọ̀ wọ́n. Wọ́n á fi owó oúnjẹ ta á, wọ́n á sì máa retí pé kí ilẹ̀ Sátidé tó ṣú, àwọn á ti di olówó. Nínú ẹ̀kọ́ oṣù yìí, a fẹ́ wo àwọn ẹgbẹ́ kan náà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó fi nǹkan bí ogún ọdún làágùn láàrin wọn.

Ta ni ọkùnrin yìí?

Saheed Adébáyọ̀ Akinfenwa ni orúkọ rẹ̀. Islington ní ìlú London ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 1982, ọmọ Nàìjíríà sì ni àwọn òbí rẹ̀. Mùsùlùmí ni bàbá rẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì ni ìyá rẹ̀, ẹ̀sìn ìyá rẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ sì ń ṣe. Nítorí náà, a kò mú un wá gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe nínú ẹ̀sìn. Ànábì wa ni àwòkọ́ṣe wa. Ọwọ́ tó fi mú iṣẹ́ rẹ̀ la fẹ́ wò, nítorí pé ọlọ́gbọ́n a máa kọ́gbọ́n níbi gbogbo.

Atamátàsé ni, ìyẹn ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Ẹgbẹ́ 92 ló wà ní ìpele mẹ́rin tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. 20 wà ní Premier League, níbi tí owó ńlá wà. 24 wà ní Championship, 24 ní League One, 24 ní League Two. Ìpele méjì ti ìsàlẹ̀ yìí ni Akinfenwa ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Àdéhùn ọdún kan tàbí méjì ló wọ́pọ̀ fún agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀. Bí ó bá parí tí wọn kò sì fẹ́ ẹ mọ́, á tún di ẹni tó ń wáṣẹ́ kiri.

Ìbẹ̀rẹ̀ tó korò

Watford ni ó ti ń kọ́ṣẹ́ ní kékeré, ṣùgbọ́n wọn kò mú un wọ ẹgbẹ́ àgbà. Ní ọdún 2001, ó gba orílẹ̀-èdè Lithuania lọ, sí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Atlantas. Níbẹ̀, àwọn òǹwòran ń bú u nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ pé ó wu òun láti padà sílé, kí ará ilé òun kan tó là á yé òun pé bí òun bá sá, àwọn elébùú ló borí. Ó dúró. Ọdún yẹn gan-an ni ó gbá gọ́ọ̀lù tó fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè náà.

Nígbà tó padà dé, ilẹ̀kùn kò tètè ṣí. Láàrin ọdún 2003 sí 2004, ẹgbẹ́ márùn-ún ni ó wọ̀: Barry Town ní ilẹ̀ Wales, Boston United, Leyton Orient, Rushden & Diamonds àti Doncaster Rovers. Àwọn kan ní ó sanra jù fún bọ́ọ̀lù. Ó kọjá sí Torquay, nígbà tó sì di ọdún 2005, ó wọ Swansea.

Pẹ̀nárítì méjì, ọdún mẹ́wàá láàrin

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2006, Swansea kojú Barnsley ní ìlú Cardiff nínú ìdíje àṣekágbá tí ẹni tó bá borí yóò fi gòkè láti League One. Wọ́n gbá 2 sí 2, ó wá di pẹ̀nárítì. Akinfenwa gbá tirẹ̀, kò wọlé. Swansea pàdánù.

Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó gbá fún Millwall, ó gbá fún Northampton lẹ́ẹ̀mejì, ó gbá fún Gillingham lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọdún 2014, ó wọ AFC Wimbledon, ẹgbẹ́ tí àwọn alátìlẹyìn fi ọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀ ní ọdún 2002. Ní oṣù Kìíní ọdún 2015, ó gbá gọ́ọ̀lù kan wọ ilé Liverpool nínú ìdíje FA Cup, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Liverpool ló borí pẹ̀lú 2 sí 1.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 2016, Wimbledon kojú Plymouth ní pápá Wembley láti gòkè kúrò ní League Two. Eré ti fẹ́ parí nígbà tí wọ́n fún Wimbledon ní pẹ̀nárítì. Akinfenwa gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó gbá a, ó wọlé. 2 sí 0. Ẹ kíyè sí i: ọjọ́ ayọ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí àdéhùn rẹ̀ ti parí. Orí pápá níbẹ̀ ni ó ti sọ fún àwọn oníròyìn pé òun ti di aláìníṣẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ òun pe òun. Ọmọ ọdún 34 ni.

Wycombe ló pè é. Ní ọdún 2018, wọ́n gòkè sí League One. Ní oṣù Keje ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti mú kí Wembley ṣófo, wọ́n na Oxford United 2 sí 1, Wycombe sì dé Championship fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Akinfenwa ti di ọmọ ọdún 38. Ọdún kan péré ni wọ́n lò níbẹ̀ kí wọ́n tó já wálẹ̀. Ó fẹ̀yìntì ní ọdún 2022, ní ọmọ 40 ọdún, pẹ̀lú gọ́ọ̀lù tó lé ní 200. Kò gbá bọ́ọ̀lù ní Premier League rí.

Kí ni èyí kọ́ wa?

Èkínní: iṣẹ́ tí a kò fi sílẹ̀. Nínú Hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ ìyá wa Aisha (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), Ànábì jẹ́ kó yé wa pé iṣẹ́ tí a ń ṣe láìdáwọ́ dúró ni Ọlọ́hun fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ kéré. Arábìnrin tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré, arákùnrin tó ń tún rédíò ṣe: ẹ má tijú ìpele ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ tí a bá pa tì nìkan ni ìtìjú.

Èkejì: agbára. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, eré bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní FIFA nígbà náà ka Akinfenwa sí ẹni tó lágbára jù lọ. Ṣùgbọ́n Ànábì ti kọ́ wa pé alágbára kì í ṣe ẹni tó ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Ẹni tó lè kó ara rẹ̀ níjàánu nígbà ìbínú ni. Agbára tó fi fara da èébú ní Lithuania tóbi ju ti iṣan ara lọ.

Ẹ̀kẹta: kí á fi "ìbá ṣe pé" sílẹ̀. Muslim gbà á wá pé Ànábì pa á láṣẹ fún wa láti gbìyànjú lórí ohun tí yóò ṣe wá ní àǹfààní, kí á wá ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́hun, kí á má sì máa wí pé ìbá ṣe pé a ti ṣe báyìí, torí ọ̀nà Èṣù ni ó ń ṣí. Ẹni tó bá ń ro pẹ̀nárítì 2006 ṣáá kò ní lè gbá ti 2016. Ìwọ tí o kùnà ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀mejì, ìwọ tí àdéhùn ìgbéyàwó rẹ dàrú, ìwọ ni a ń bá wí.

Ẹ̀kẹrin: arísìkí. Láti ọdún 2013 ni orúkọ ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ kan ti wà lára orúkọ líìgì yẹn. Ìpolówó kò sọ hàráámù di hàláàlì. Suuratul-Maa'idah, aayah 90, ka tẹ́tẹ́ mọ́ ọtí àti òrìṣà, ó ní kí á jìnnà sí wọn. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà fi ogún ọdún wá ohun tó rí. Báwo ni ẹni tó jókòó sí ilé tẹ́tẹ́ ṣe fẹ́ rí i ní ìrọ̀lẹ́ kan?

A kò ṣèlérí fún yín pé gbogbo ẹni tó bá ní sùúrù ni yóò dé òkè téńté. Akinfenwa kò dé ibẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé iṣẹ́ hàláàlì tí a fi òótọ́ inú ṣe kò ní sọnù lọ́dọ̀ Ọba tó ń rí wa.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní iṣẹ́ tó mọ́, kí ó sì fún wa ní sùúrù láti dúró tì í. Àmín.

Ìbéèrè fún ìjókòó àsàlátù wa

1. Irú iṣẹ́ wo ni àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ń tijú láti ṣe, kí sì ni ìdí rẹ̀?
2. Kí ni a lè ṣe fún ọ̀rẹ́ wa tí tẹ́tẹ́ ti wọ̀ lẹ́wù, láìdójú tì í?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin sùúrù àti ìmẹ́lẹ́?