Ẹ̀kọ́ Ìrònú Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Olùkọ́ Kan Ṣoṣo

Nígbà ọdún bí irú èyí, a máa ń ka iye akẹ́kọ̀ọ́ tó yege ìdánwò, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a jọ gbé yẹ̀ wò: lẹ́yìn tí ọmọ bá ti gba ìwé-ẹ̀rí tán, ǹjẹ́ ó lè dá ronú?

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀bi ara mi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, mo kọ ọ́ sójú pátákó lọ́jọ́ kan pé omi a máa hó ní 100°C. Ọmọkùnrin kan dìde. Ìdí bọ́ílà ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, bàbá mi ní omi inú bọ́ílà àwọn máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ.” Mo ní kí ó jókòó, kí ó kọ ohun tó wà lójú pátákó. Ó jókòó. Títí ó fi kúrò ní kíláàsì mi, n kò gbọ́ ìbéèrè lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Òótọ́ sì ni bàbá rẹ̀ sọ. Nínú ìkòkò tí a kò dé, ní ilẹ̀ tó sún mọ́ òkun bíi Èkó, 100°C ni omi ń hó. Ṣùgbọ́n nínú bọ́ílà tí a dé pa, ooru omi kò rí ibi gbà jáde. A máa tẹ omi mọ́lẹ̀, omi náà yóò sì gbóná kọjá 100°C kí ó tó hó. Bí agbára ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà bá jẹ́ ìlọ́po méjì ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká, yóò tó nǹkan bíi 120°C. Ìdí kan náà ni ẹran fi ń tètè rọ̀ nínú ìkòkò tí ìdérí rẹ̀ há pinpin. Ẹ̀kọ́ ńlá ni ọmọ yẹn gbé wá láti ilé. Èmi olùkọ́ ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ohun méjì ni mo bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Èkíní ni ọgbọ́n ìrònú: kí a wo nǹkan dáadáa, kí a fi wé òmíràn, kí a wá ìdí rẹ̀, kí a sì dán an wò. Èkejì ni ìwà akẹ́kọ̀ọ́: ìgboyà láti béèrè, sùúrù lórí ohun tó le, àti ìrẹ̀lẹ̀ láti gbà pé a ti ṣì í. A kò lè ya ogójì ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ kan láti fi kọ́ ìwọ̀nyí. Bí olùkọ́ kan bá ń gbà wọ́n níyànjú tí olùkọ́ mẹ́wàá sì ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́, àwọn mẹ́wàá ni yóò borí.

Àgbègbè wa yìí ti mọ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó dé. Jacob Kẹ́hìndé Coker, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Ìjọ African Church sílẹ̀ ní 1901, ní oko kòkó àti obì ní ìhà Agége. Ní 1907 òun àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Àgbẹ̀ Agége sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ láti ìlú òkè wá ṣe lébìrà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sílé, ìmọ̀ kòkó bá wọn lọ. Ilẹ̀ ilé wọn kì í ṣe ilẹ̀ Agége. Ẹni tó mọ ìdí tí a fi ń ṣíji bo ọmọ kòkó, àti ìdí tí a fi ń jẹ́ kí hóró rẹ̀ kan kí a tó sá a sóòrùn, ni yóò lè ṣe é níbi tí ọ̀gá kò sí.

Ṣùgbọ́n báwo ni irú ẹ̀kọ́ yìí ṣe lè di ti ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ọmọ bíbí Èkó, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Wọ́n kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Kíláàsì kejì tẹ̀ lé àṣà àtijọ́: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ ní ń lè béèrè ọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, yíyí èdè padà nìkan kọ́ ló ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ ìwé tuntun, wọ́n wá ọ̀rọ̀ tí gbogbo olùkọ́ yóò jọ máa lò, wọ́n sì kọ́ àwọn olùkọ́ fúnra wọn. Nígbà tí ètò náà dé ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, ohun kan náà ni ibẹ̀ nílò. Ẹ̀kọ́ tiwa nìyí.

Nítorí náà, mo dábàá pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ ìjọ wa máa lo ìbéèrè mẹ́rin kan náà, láti kíláàsì ìṣirò dé ti Bíbélì: Kí ni o rí? Kí ló fà á? Báwo ni o ṣe mọ̀? Kí ni yóò mú kí o yí èrò padà? Kí àwọn olùkọ́ máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n sì sọ ìbéèrè ọmọ kan tí wọn kò lè dáhùn.

Òbí kan yóò ní, “A ó ha lè parí sílébọ́ọ̀sì báyìí?” Òtítọ́ ni pé iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ falẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó há ìdáhùn sórí yóò dúró gbagidi bí olùdánwò bá yí ìbéèrè padà díẹ̀. Ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ yóò rí ọ̀nà gbà. Abẹ́èrè kì í ṣìnà. Olúwa wa fúnra rẹ̀, ní ọmọ ọdún méjìlá, jókòó láàárín àwọn olùkọ́ nínú tẹ́ḿpìlì, ó ń gbọ́, ó sì ń bi wọ́n léèrè, gẹ́gẹ́ bí Lúùkù orí kejì ti sọ. Wọn kò pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa àtijọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀gbà àti òpópónà Ọba Akran, ẹ bá wa gba àyè kí àwọn ọmọ wá wo ẹ̀rọ yín. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá béèrè “nítorí kí ni?”, ẹ má sọ pé ó ń yájú.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé

1. Ìbéèrè wo ni ọmọ rẹ bi ọ́ lọ́sẹ̀ yìí? Kí ni o fi dá a lóhùn?
2. Kí ni o mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ tí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kò sọ?
3. Ìgbà wo ni ọmọ rẹ gbọ́ gbẹ̀yìn tí o sọ pé, “Mo ṣì í”?