Àpótí Ìmọ̀: Iye Èèyàn Agbègbè Èsìẹ́

Nínú ètò ìkànìyàn oṣù kẹta ọdún 2006, èèyàn 148,610 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ní ìpínlẹ̀ Kúwárà: Èsìẹ́, Òmù-Àrán àtàwọn ìlú Ìgbómìnà mìíràn tó wà níbẹ̀. Ti gbogbo ìpínlẹ̀ náà jẹ́ 2,365,353. Àwọn òṣìṣẹ́ Àjọ Ìkànìyàn kọ nọ́ńbà sára ògiri ilé, wọ́n béèrè ọjọ́ orí àti iṣẹ́ oòjọ́, bóyá àgbẹ̀ ni tàbí oníṣòwò. Wọn kò béèrè ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà ẹnikẹ́ni. Iye ọdún 2006 yìí ti pẹ́ jù. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti tó dìbò. Orí iye yẹn náà ni wọ́n ṣì ti ń fojú bu iye wa lónìí, torí ìjọba sún ìkànìyàn ọdún 2023 síwájú.