Ẹ Ka Ìwé Náà Kí Wọ́n Tó Ṣílẹ̀kùn Ilé fún Yín ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ ń wá ilé rà ní Houston, ní Maryland tàbí ní Atlanta, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ wà nílé tí ẹ fẹ́ ra tiyín síbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Láti ọjọ́ 17, oṣù kẹjọ, ọdún 2024, ajẹ́ntì tó bá ń lo MLS, ìyẹn ibi tí àwọn ajẹ́ntì ń to ilé títà sí, kò gbọdọ̀ mú yín wọlé lọ wo ilé láìjẹ́ pé ẹ ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Kódà bó jẹ́ orí fóònù ló ti fẹ́ fi ilé náà hàn yín ní tààrà, ìwé ló ń ṣáájú.

Ẹjọ́ ló bí ìlànà yìí. Àwọn tó ta ilé ní Missouri jàre ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ àwọn ajẹ́ntì tí wọ́n pè lẹ́jọ́, National Association of Realtors, sì gbà lọ́dún tó tẹ̀ lé e láti san mílíọ̀nù 418 dọ́là, kó sì tún ìlànà iṣẹ́ ṣe. Ìlànà náà ò burú. Bí a ṣe ń tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn náà ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti sábà ń mú un wá. Ajẹ́ntì á na fóònù sí yín, á ní, “Bùrọ̀dá, ẹ ṣáà fìka tẹ ibí, kí n lè ṣílẹ̀kùn.” Bó bá tún lọ jẹ́ ọmọ ìjọ wa, ojú á tì wá láti ní kó dúró ká kà á.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ilé 400,000 dọ́là, ìwé ní ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó ajẹ́ntì yín: 12,000 dọ́là. Bí onílé bá gbà láti san 8,000, ọrùn yín ni 4,000 tó kù wà, owó yìí kì í sì í sábà sí nínú èyí tí báńkì ń yá èèyàn.

Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà “exclusive” nínú ìwé yẹn dáadáa. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ lè fúnra yín rí ilé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, kí ajẹ́ntì yẹn ṣì gba owó rẹ̀. Àwọn ìwé mìíràn tún ní bí àdéhùn bá tilẹ̀ parí, ilé tó bá ti fi hàn yín, tẹ́ ẹ bá padà rà á, owó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìjọba ló fi ìdá 3 lélẹ̀, irọ́ ló pa. Dandan ni kí ìwé náà sọ pé òfin ò dá iye kankan, pé ẹ lè dúnàá dúrà. Iye náà gbọ́dọ̀ ṣe pàtó, kì í ṣe “láàárín 2 sí 3”, ajẹ́ntì ò sì gbọdọ̀ gbà ju ohun tó wà nínú ìwé lọ.

Nítorí náà, ẹ ní kó fi ìwé ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ ní kó kọ ọ́ fún ilé kan ṣoṣo, fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó bófin mu. Bó bá kọ̀, ẹ wá ẹlòmíì. Ilé tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti wá wò, tí wọ́n ń pè ní open house, kò béèrè ìwé kankan.

Ẹni tó bá ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, tó sì fẹ́ jáwọ́, kó kọ̀wé sí ọ̀gá ajẹ́ntì náà pé òun fẹ́ jáwọ́, kó sì tọ́jú èsì. Bí wọ́n bá ń fi ìyà jẹ ẹ́, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àjọ tó ń fún ajẹ́ntì níwèé àṣẹ. Ibẹ̀ ni kó mú ẹ̀sùn lọ.