Ìyánhànhàn Oògùn Nínú Ọpọlọ Ènìyàn

Ní ìlú Montreal, ní ilẹ̀ Kánádà, àwọn olùwádìí méjì kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga McGill. Orúkọ wọn ni James Olds àti Peter Milner. Wọ́n mú eku kan, wọ́n fi wáyà tínínrín há inú ọpọlọ rẹ̀, wọ́n sì ń rán iná mànàmáná díẹ̀ gba inú wáyà náà. Wọ́n fi eku yìí sílẹ̀ kí ó máa rìn káàkiri. Bí ó bá ti dé igun kan báyìí, wọn a tan iná náà. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé eku náà yóò fi igun náà sílẹ̀ láéláé, nítorí iná kì í ṣe ohun tí ẹranko ń bá ṣeré. Ṣùgbọ́n kàkà kí ó sá, ńṣe ni ó ń padà síbẹ̀ ṣáá, bí ẹni tí ó gbàgbé nǹkan síbẹ̀.

Nígbà tí ó yá, wọ́n ṣe àpótí kan, wọ́n fi ọ̀pá kékeré kan sí inú rẹ̀, wọ́n sì so ó mọ́ wáyà, tí ó fi jẹ́ pé eku fúnra rẹ̀ ni yóò máa fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀pá náà bí ó bá fẹ́ kí iná ta sí ọpọlọ rẹ̀. Ọdún 1954 ni Olds àti Milner tẹ ìwádìí náà jáde. Nínú àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e, a rí nínú àwọn eku náà tí ó tẹ ọ̀pá yìí ju ẹgbẹ̀rún méjì ìgbà lọ ní wákàtí kan, tọ̀sán tòru, títí àárẹ̀ fi gbé wọn ṣubú. Ebi ń pa òmíràn, oúnjẹ wà nítòsí rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pá ni ó dì mú.

Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé ọ̀nà kan wà nínú ọpọlọ tí ó jẹ́ ọ̀nà ìlépa. Ọ̀nà yìí kì í ṣe àléébù lára ẹ̀dá. Òun ni ó ń mú kí ọmọ tuntun wá ọmú ìyá rẹ̀, òun náà ni ó sì ń mú kí àgbẹ̀ tí ó ti rẹ̀ rántí iṣu tí ó wà nínú ààrò. Oje kan ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ láti ibì kan dé ibòmíràn ní ọ̀nà náà, dópámíìnì sì ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Arvid Carlsson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ni ó fi hàn ní apá ìparí àwọn ọdún 1950 pé oje yìí ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ọpọlọ. Ẹ̀bùn Nobel sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nítorí rẹ̀ ní ọdún 2000. Bí èkúté bá wà tí ọpọlọ rẹ̀ kò lè ṣe oje yìí, oúnjẹ lè wà níwájú rẹ̀ kí ebi sì pa á kú, nítorí kò ní sí ohun tí yóò tì í débẹ̀.

Ibi tí oògùn olóró gbà wọlé nìyí. Kokéènì, hẹ́róìnì, igbó, ọtí líle àti tábà, gbogbo wọn ni ó ń mú kí oje náà pọ̀ sí i nínú ọpọlọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí olúkúlùkù ń gbà ṣe é yàtọ̀. Oúnjẹ aládùn a máa mú kí ó sun díẹ̀. Kokéènì a máa tú u sílẹ̀ bí odò tí ó ya bo bèbè rẹ̀. Ọpọlọ a sì gbà pé ohun tí ó dé yìí ṣe pàtàkì ju oúnjẹ lọ, ju ọmọ lọ, ju iṣẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò pin síbẹ̀. Wolfram Schultz, onímọ̀ kan tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi ọ̀bọ ṣe ìwádìí. Ó ń fún wọn ní omi èso ní ìkán-ìkán. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìgbà tí omi èso bá kan ọ̀bọ lẹ́nu ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń tú dópámíìnì jáde máa ń ta kìjí. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì kan hàn wọ́n ṣáájú omi èso. Nígbà tí àwọn ọ̀bọ mọ ìtumọ̀ àmì náà tán, àmì ni ó ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ta kìjí. Omi èso gan-an kò mú wọn ṣe nǹkan kan mọ́. Bí àmì bá sì fara hàn tí omi èso kò tẹ̀ lé e, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà a dákẹ́ lójijì, bí ẹni tí a já kulẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ ìdí tí ọkùnrin kan tí ó ti ń mu igbó ní ẹ̀yìn gáréèjì fún ọdún mẹ́ta fi lè ṣe oṣù mẹ́fà láìfẹnu kàn án, tí yóò sì wá kọjá ní ẹ̀yìn gáréèjì kan náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí itọ́ yóò sì pọ̀ ní ẹnu rẹ̀. Òórùn èéfín, ohùn ọ̀rẹ́ kan, owó oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí àpò, àmì ni gbogbo wọn. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti wọ ọgbà ọkùnrin yìí. Ìyánhànhàn ni Yorùbá ń pe ohun tí ó mú un yìí, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Terry Robinson àti Kent Berridge, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Michigan ní Amẹ́ríkà, fi yé aráyé ní ọdún 1993 pé wíwá nǹkan lójú méjèèjì yàtọ̀ sí gbígbádùn rẹ̀. Bí oògùn ti ń di bárakú, ìgbádùn rẹ̀ lè máa dín kù, kí ìyánhànhàn rẹ̀ sì máa pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí ẹni tí ń sunkún tí ó sì ń mu ún.

Apá iwájú ọpọlọ, tí ó wà lẹ́yìn iwájú orí, ni ó yẹ kí ó ṣe ìjánu fún gbogbo èyí. Dókítà Nora Volkow, tí a bí ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, lo ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ọpọlọ láti wo àwọn tí kokéènì ti di bárakú fún, ó sì rí i pé iṣẹ́ apá iwájú yìí ti dín kù lára wọn, pàápàá lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti fi oògùn náà sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ìjánu yìí a sì máa pẹ́ kí ó tó gbó; ẹni ọdún 16 kò tíì ní i tán, nítorí ó ń dàgbà lọ títí ènìyàn fi ń tó nǹkan bí ọmọ ọdún 25. Títí di òní, àwọn ibìkan wà tí a ti ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de ẹni tí oògùn ti sọ di ẹrú, tí a sì ń nà án, nítorí a gbà pé orí kunkun ni ó ń ṣe é. Ó ṣòro láti rí bí ẹgba yóò ṣe tún ìjánu tí ó ti já so.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tí ó bá ti bàjẹ́ nínú ọpọlọ ti bàjẹ́ nìyẹn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń jà ní Vietnam, hẹ́róìnì pọ̀ níbẹ̀, kò sì wọ́n. Dókítà Lee Robins wádìí nípa àwọn tí ó padà sílé ní oṣù September 1971, ó sì rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún wọn ni oògùn náà ti di bárakú fún nígbà tí wọ́n wà lójú ogun. Ìjọba ń gbọ̀n jìnnìjìnnì. Síbẹ̀, láàárín ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n dé ilé, nǹkan bí 5 péré nínú 100 àwọn tí ó ti di bárakú fún ni ó tún padà sínú ìdè náà. Wọ́n ti fi ogun sílẹ̀, wọ́n ti fi ẹ̀rù àti àwọn ọ̀rẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àmì náà kò bá wọn wọ ọkọ̀ òfurufú. Kì í ṣe pé hẹ́róìnì kò lè pa ènìyàn. Ohun tí èyí fi hàn ni pé ibi tí ènìyàn ń gbé àti ohun tí ojú rẹ̀ ń rí jẹ́ ara àìsàn náà.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó lè kó kúrò ní àdúgbò rẹ̀. Èyí ni ó mú kí àwọn kan béèrè bóyá a lè kọ́ ẹni tí àmì yí ká láti dúró láàárín wọn kí ó má sì ṣubú. Ọ̀nà tí wọ́n rí ti pẹ́ gan-an láàárín àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní ilẹ̀ Éṣíà: kí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́, kí ó máa kíyè sí èémí rẹ̀, kí ó sì máa wo ohun tí ó ń kọjá nínú ara àti ọkàn rẹ̀ láìbá a jà, láìsì tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1979 ni Jon Kabat-Zinn gbé e wọ ilé ìwòsàn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Massachusetts ní Amẹ́ríkà, tí ó yọ ti ẹ̀sìn kúrò lára rẹ̀, tí ó sì ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kọ́ àwọn aláìsàn. Èso àjàrà gbígbẹ kan ṣoṣo ni ó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó wò ó, kí ó gbọ́ òórùn rẹ̀, kí ó sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú sùúrù bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹlòmíràn á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń gbé oògùn mì láìmọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé ẹnu ní ohun tí yóò kọ́ níbẹ̀.

Alan Marlatt, ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Washington ní ìlú Seattle, ni ó fi ọ̀nà yìí kan ọ̀rọ̀ oògùn gan-an. Ó kíyè sí i pé ẹni tí ìyánhànhàn bá mú a máa rò pé yóò máa ga sí i títí tí yóò fi gbé òun mì, àfi bí òun bá mu nǹkan náà. Marlatt ní irọ́ ni. Ó fi í wé ìgbì òkun, tí ń dìde, tí ń ga, tí ń dé góńgó, tí ó sì ń fọ́ sí etí òkun. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi pákó gun ìgbì ní Tarkwa Bay ní Èkó mọ̀ pé ẹni tí ó bá dúró gbọin láti bá ìgbì jà, ìgbì yóò dà á nù; ẹni tí ó bá sì bá a lọ, yóò gbé e dé èbúté. Nítorí náà, a ó kọ́ aláìsàn náà láti béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé: níbo ni ìyánhànhàn yìí wà nínú ara mi? Àyà ni, tàbí ọ̀fun? Ó gbóná ni, tàbí ó ń fún mi pinpin? Yóò sì máa mí, yóò máa wò ó, títí yóò fi rọlẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ó dà bí ẹni pé Marlatt gbọ́ òwe yìí rí.

Marlatt kú ní ọdún 2011, ṣùgbọ́n Sarah Bowen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá iṣẹ́ náà lọ. Ní ọdún 2014 wọ́n gbé ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 286, tí a pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àbájáde rẹ̀ kò rí bí àwọn olùpolówó ṣe máa ń sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ àtijọ́ tí Marlatt fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, èyí tí kò ní jíjókòó jẹ́ẹ́ nínú, ni ó mú kí ó pẹ́ díẹ̀ sí i kí àwọn ènìyàn tó tún tọ́ oògùn wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún kan pé, àwọn tí ó kọ́ ìfarabalẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n fi lo oògùn kéré jù. Ó jọ pé ẹ̀kọ́ yìí a máa pẹ́ kí ó tó wọni lára.

Eric Garland ní ìpínlẹ̀ Utah lọ síwájú díẹ̀. Àwọn tí ó ń tọ́jú ni àwọn tí ìrora ọjọ́ pípẹ́ mú kí dókítà fún wọn ní oògùn apàrora tí ó wà ní ìdílé ópíọ́mù, tí wọ́n sì wá ń lò ó ju bí ó ti yẹ lọ. Ó ronú pé kò tó kí a kọ́ ènìyàn láti kọ oògùn. Ọpọlọ tí oògùn ti jẹ gàba lé lórí kò mọ adùn ohun mìíràn mọ́, ó sì yẹ kí a tún un kọ́. Nítorí náà ó ń fún wọn ní òdòdó kí wọ́n wo àwọ̀ rẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ kàn án, kí wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí inú wọn dùn sí i. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2022, ènìyàn 250 ni a pín sí méjì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, nínú àwọn tí ó gba ẹ̀kọ́ yìí tí a sì lè ṣàyẹ̀wò, 45 nínú 100 kò ṣi oògùn lò mọ́; nínú àwọn tí a kàn ń bá sọ̀rọ̀ ìtùnú, nǹkan bí 24 nínú 100 ni.

Wọ́n kéré sí ìdajì, kò sì yẹ kí a fi èyí pamọ́. Ìfarabalẹ̀ kì í ṣe adípò fún oògùn tí dókítà fi ń tọ́jú ẹni tí hẹ́róìnì ti di bárakú fún, bí methadone àti buprenorphine, tí a mọ̀ dájú pé ó ń dín ikú kù. Ẹni tí ó ti ń mu ọtí lámujù fún ọdún púpọ̀ kò sì gbọdọ̀ dá a dúró lójijì ní ilé láìsí oníṣègùn lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí gìrì lè gbé e, ó sì lè kú.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ìwádìí tí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2018 fojú bù ú pé ènìyàn mílíọ̀nù 14.3 ni ó ti lo oògùn bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan, láìka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Ìwọ̀-oòrùn gúúsù ni ó pọ̀ jù sí, 22.4 nínú 100. Ní ọdún 1954 kan náà tí ìròyìn eku Montreal jáde ni Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, ní Abẹ́òkúta, tí àwọn alárùn ọpọlọ fi ń gbé ní abúlé láàárín àwọn ará wọn dípò kí a tì wọ́n mọ́lé. Ilé ìwòsàn Arò wà síbẹ̀ títí di òní, ó sì ní ẹ̀ka tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí oògùn ti di bárakú fún.

Nínú ẹ̀kọ́ Garland, ohun kan wà tí a ń sọ fún aláìsàn kí ó máa ṣe ní ilé. Bí ó bá fẹ́ lo oògùn apàrora rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta mí pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ara ni ó ń ro ó ní tòótọ́ tàbí ìyánhànhàn ni ó dé. Bí ó bá jẹ́ ìrora, kí ó lò ó bí dókítà ti wí. Bí ó bá jẹ́ èkejì, kí ó dá a padà sínú ìgò, kí ó sì jókòó títí ìgbì náà yóò fi lọ.