Ẹ̀tọ́ àti Àánú: Ọ̀rọ̀ Lórí Owó tí Báńkì Yọ Lọ́wọ́ Ẹni tí Nǹkan Nira Fún

Kútúbà Jímọ̀, Ìpàtà, Ìlọrin

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí Ó ṣe òwò ní ẹ̀tọ́ fún wa, tí Ó sì ṣe èlé ní èèwọ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo sàhábé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń sọ àsọọ́lẹ̀ ìbẹ̀rù Ọlọ́hun fún yín àti fún ẹ̀mí ara wa.

Ọ̀rọ̀ tòní kò jìnnà sí àpò ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun Àìlá, ìyá kan tí ó ń ta ata ní ọjà Ìpàtà dúró dè wá ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí, ó na fóònù rẹ̀ sí wa. Opó ni, ọmọ mẹ́ta ni ó sì ń dá tọ́. Ó ti fi ₦20,000 sí àkántì rẹ̀ ní alẹ́ láti fi ra ọjà ní òwúrọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, báńkì ti yọ ₦8,200 nínú rẹ̀. Ó ní, "Àlùfáà, wọ́n ti jà mí lólè. Ẹ gbé Kùránì fún mi kí n fi búra fún wọn."

A kò gbé Kùránì fún un. A ní kí ó lọ gba ìwé àkọsílẹ̀ àkántì rẹ̀ ti oṣù mẹ́fà, èyí tí àwọn ará báńkì ń pè ní státímẹ́ǹtì. Ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣáájú, ó sunkún, ó pariwo, ẹ̀ṣọ́ sì mú un jáde. Kí Ọlọ́hun má fi wá sí ipò tí ó jẹ́ pé ẹkún nìkan ni yóò kù fún wa láti fi sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ìwé náà dé, àwa, òun àti ọmọ rẹ̀ àgbà jókòó, a kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo owó tí wọ́n yọ láàárín oṣù mẹ́fà náà jẹ́ ₦14,950. Nínú rẹ̀, ₦5,000 ni owó tí ẹ̀rọ ATM kò pọ̀ jáde ṣùgbọ́n tí wọ́n kà sí i lọ́rùn. ₦1,000 ni ti káàdì tuntun tí kò béèrè, tí kò sì fojú kàn rí. ₦300 ni owó ìtọ́jú káàdì, ₦50 lóṣooṣù, bẹ́ẹ̀ sì ni àkántì kọ́rẹ́ǹtì ni tirẹ̀. Ìwé ìlànà tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, CBN, gbé jáde, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2020, ti pa owó ìtọ́jú káàdì rẹ́ lórí àkántì kọ́rẹ́ǹtì. ₦50 ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni ó fi sílẹ̀, lórí àkántì ìfowópamọ́ nìkan.

Ó wá ku ₦8,650. Nínú èyí, ₦1,450 jẹ́ owó ìfowóránṣẹ́ àti owó ìtọ́jú àkántì, tí ìlànà kan náà fún báńkì láyè láti gbà: ₦10 lórí owó tí kò tó ₦5,000, ₦25 títí dé ₦50,000, ₦50 lórí èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àti fún àkántì kọ́rẹ́ǹtì, owó tí kò gbọdọ̀ ju ₦1 lọ lórí ₦1,000 kọ̀ọ̀kan tí oníbàárà bá mú jáde. ₦7,200 yòókù ni owó ìtanràn lórí ẹ̀yáwó kan tí ó pẹ́ kí ó tó san. Ó ti tẹ ìka sí ìwé àdéhùn rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò kà á sí i létí.

Ìyá náà fẹ́ kí a kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé olè ni gbogbo ₦14,950. A kọ̀. Ẹ̀yin ará wa, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà nígbà tí ara bá ni wá. Ẹsẹ 188 nínú Suratul-Baqara kọ̀ fún wa láti jẹ owó ara wa lọ́nà èrú, kò sì yọ ẹni tí nǹkan nira fún sílẹ̀. Ìyà báńkì kò sọ irọ́ wa di ẹ̀tọ́. Owó tí ó wà nínú ìwé yẹn pín sí ọ̀nà méjì: ọ̀kan jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, a ó béèrè rẹ̀ láìtẹríba, èkejì jẹ́ àánú, a ó fi sùúrù tọrọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ohùn ẹ̀bẹ̀ béèrè ẹ̀tọ́, wọn yóò sọ ọ́ di alágbe. Ẹni tí ó bá sì fi ohùn ìjà tọrọ àánú, wọn yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ní ti ẹ̀tọ́, Bukhari àti Muslim gba ìtàn ọkùnrin kan wá tí ó wá sin Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní gbèsè ràkúnmí, tí ó sì fi ọ̀rọ̀ líle sọ ọ́. Àwọn sàhábé fẹ́ kojú rẹ̀. Ànábì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ràkúnmí tí ó dára ju tirẹ̀ lọ ni wọ́n sì fún un.

Ní ti àánú, àwọn méjèèjì náà ni wọ́n gba ìtàn Ka'b ọmọ Malik wá. Ó ń sin Ibn Abi Hadrad ní gbèsè nínú mọ́sálásí gan-an, ohùn wọn sì ga títí Ànábì fi gbọ́ ọ nínú ilé rẹ̀. Ó ká aṣọ ìkélé sókè, ó pe Ka'b, ó sì fi ọwọ́ júwe fún un pé kí ó yọ ìdajì kúrò. Ka'b gbà lójú ẹsẹ̀. Ànábì sì ní kí ẹni tí ó jẹ gbèsè dìde, kí ó lọ san èyí tí ó kù. Ẹ wò ó dáadáa: kò sọ pé kò sí gbèsè, kò sì bú ẹni tí ó jẹ ẹ́. Ẹni tí ó ni owó ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ yọ ìdajì, ẹni tí wọ́n yọ ọ́ fún kò sì gbọdọ̀ jókòó ti ìyókù.

Bí a ṣe kọ lẹ́tà ìyá náà nìyẹn. Ní apá kìn-ín-ní, a ka ₦6,300 ní ìlà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye, a sì béèrè pé kí wọ́n dá a padà. Ní apá kejì, a sọ bí ọjà ṣe bàjẹ́, iye tí ó ń wọlé fún un lọ́sẹ̀ àti iye tí ilé ń ná. A ní kí wọ́n ṣíjú àánú wo ₦7,200, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó máa san gbèsè náà ní ₦1,500 lọ́sẹ̀. A kò mẹ́nu kan ₦1,450 rárá. Ẹni tí ó kọ́kọ́ gba lẹ́tà náà fẹ́ fi sínú dúróà lásán. A ní kí ó fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiwa, kí ó sì fún wa ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ojú rẹ̀ yí padà nígbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ńbà.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀. Báńkì gbọ́dọ̀ fún ẹni tí ó mú ẹ̀sùn wá ní nọ́ńbà láàárín wákàtí 24. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ìyanjú, ẹ lè gbé e lọ sí ẹ̀ka tí ó ń dáàbò bo oníbàárà ní CBN, ní cpd@cbn.gov.ng, pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà àti nọ́ńbà yẹn. Ní ti owó tí ATM kò pọ̀ jáde, àṣẹ tí CBN pa ní ọdún 2020 ni pé kò gbọdọ̀ ju wákàtí 48 lọ kí ó tó padà, àní bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ ti báńkì mìíràn. Ẹni tí ó bá dákẹ́ fún oṣù mẹ́rin, bí ìyá yìí ti ṣe, ni ó sọ iṣẹ́ ọjọ́ méjì di iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ₦6,300 padà. Ní ti ìtanràn, máníjà kọ́kọ́ ní kò ṣeé ṣe. Ìyá náà padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, láìpariwo, ó mú ìwé tí ó ń kọ ọjà rẹ̀ sí dání. Wọ́n yọ ₦4,000 nínú rẹ̀, wọ́n sì gbà sí ₦1,500 lọ́sẹ̀. Kò tó bí ó ti fẹ́. Ó padà sí ìdí ata rẹ̀.

Kì í ṣe ibí nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Àwọn tí ó ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù lè rántí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ń béèrè owó tí báńkì yọ nítorí pé wọ́n ná kọjá iye tí ó wà nínú àkántì. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ, ní ọjọ́ 25 oṣù Bélú ọdún 2009 àwọn báńkì sì borí. Ọ̀nà ẹ̀tọ́ tí ọ̀pọ̀ gbójú lé dí. Èyí tí ó kù fún ẹni tí ara ń ni ni kí ó kó ẹ̀rí ìnira rẹ̀ lọ bá báńkì, kí ó sì bá wọn dúnàádúrà. Ó di oṣù Igbe ọdún 2020 kí àwọn aláṣẹ wọn tó fòpin sí irú ìtanràn bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, tí ẹ sì ń kírun pẹ̀lú wa, ẹsẹ 280 nínú Suratul-Baqara ń bá yín wí: ẹ lọ́ ẹni tí nǹkan nira fún lára títí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn, bí ẹ bá sì lè yọ̀ǹda, ó lóore jù. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Ẹ̀yin alápatà Ìpàtà tí ẹ ń ta ẹran àwìn, tí ẹ sì ń tú gbèsè ìyá olóúnjẹ sí gbangba ọjà. Ẹ̀yin oníPOS tí ẹ ń fi kún owó iṣẹ́ nígbà tí ẹ bá rí i pé ara ń kan oníbàárà: àwọn tí Suratul-Mutaffifin kégbe sí ni ẹni tí ó ń gba tirẹ̀ ní kíkún, tí ó ń dín ti ẹlòmíràn kù. A kò mọ bí ẹnu wa yóò ti ṣe gbà láti bú báńkì bí a bá jẹ́ báńkì kékeré.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣebí ẹ̀yáwó elélé ni ìyá náà gbà? Bẹ́ẹ̀ ni. A sọ fún un láìfi bò pé èèwọ̀ ni, ó sì tọrọ àforíjìn, kò ní tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ àdéhùn kan kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti tún yọ owó káàdì tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Tí báńkì bá sì fi èlé kún owó tí ó dá padà fún yín, ẹ gba ojúlówó owó yín, kí ẹ fi èlé náà fún aláìní, kì í ṣe ní ìrètí ẹ̀san sàráà, bí kò ṣe láti fọ ọwọ́ yín mọ́.

Láti ọ̀la, lẹ́yìn ìrun Alásárì ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, àwọn ọ̀dọ́ méjì tí ó mọ ìṣirò yóò máa jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ mọ́sálásí láti bá yín ka ìwé àkántì yín, kí wọ́n sì bá yín kọ lẹ́tà. Ẹ mú ti oṣù mẹ́fà wá. Ẹ má mú káàdì wá, ẹ má sì sọ nọ́ńbà àṣírí yín fún wọn, tàbí fún àwa pàápàá.