Iná lọ, àmọ́ káàdì SD kò bàjẹ́: Alpine lórí Raspberry Pi

Ohun tó máa ń pa Raspberry Pi jù níbi tí iná ti ń lọ láìsọ ni káàdì SD. Bí iná bá lọ nígbà tí Linux ń kọ nǹkan sórí rẹ̀ lọ́wọ́, fáìlì lè dàrú, kí ó má tan mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fi Alpine sí Zero 2 W tó ń ka bí yàrá ìwádìí wa ṣe gbóná sí. Ráàmù 512 MB péré ló ní, ó sì tó Alpine dáadáa. Tí ẹ bá lò ó ní diskless, gbogbo rẹ̀ á kúrò lórí káàdì wọ inú ráàmù nígbà tó bá ń tan. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní kọ nǹkan kan sórí káàdì àfi tí ẹ bá ní kó kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o! Ohunkóhun tí ẹ bá yí padà, ráàmù ló wà. Ẹ tẹ "lbu commit" kí ó lè wọ káàdì. Fúnra rẹ̀, /etc ló ń tọ́jú. Tí fáìlì yín bá wà ní /root, ẹ kọ́kọ́ tẹ "lbu include /root". Èsì ìwádìí ńkọ́? Èmi ń fi Wi-Fi ránṣẹ́ sí láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ṣì dáa, ní ìṣẹ́jú 5-5. Tí iná bá lọ, èsì ìṣẹ́jú 5 ló pọ̀ jù tó lè sọnù.