Jẹ́lì Olómi fún Àtúnṣe Ọkàn àti Iṣan Ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọkàn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín ni èyí tí ń lù ní àyà, kì í ṣe èyí tí a fi ń ronú. Bí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́, awọ tuntun a hù, ọgbẹ́ a sì jinná. Ọkàn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé apá kan rẹ̀ mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ a kú, àpá a sì gba ipò wọn, àpá tí kò lè lù. Nítorí èyí ni àwọn amòye fi ń wá ọ̀nà láti mọ ẹran ọkàn ní òde ara.

Jẹ́lì olómi ni wọ́n fi ń mọ ọ́n. Ẹ wo ẹ̀kọ tútù nínú ewé: omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, síbẹ̀ kò ṣàn, nítorí pé ohun inú àgbàdo ti so pọ̀ bí àwọ̀n, ó sì há omi náà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni jẹ́lì yìí rí. Collagen ni wọ́n sábà fi ń ṣe àwọ̀n tirẹ̀. Inú awọ àti egungun ẹran ni ó wà, òun ni ó sì ń mú kí omi ẹsẹ̀ màlúù tí a sè dì bí ó bá tutù. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tí yóò fi ẹ̀kọ ṣe àpẹẹrẹ kíyè sí èyí: collagen tí wọn kò tíì sè a máa ṣàn nínú òtútù, ìgbà tí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn ni ó ń dì. Oore ńlá ni èyí, nítorí a lè po sẹ́ẹ̀lì alààyè mọ́ ọn láìjẹ́ pé ooru pa wọ́n.

Ní 1986, Weinberg àti Bell ní Amẹ́ríkà fi collagen àti sẹ́ẹ̀lì màlúù ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ kan. Kò lágbára tó. Wọ́n ní láti fi àwọ̀n Dacron kún un. Àwọn ará Minnesota lo fibrin, ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́. Sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ń fi collagen tiwọn rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀; lẹ́yìn náà ni wọ́n fọ sẹ́ẹ̀lì kúrò. Ní 2016 wọ́n ròyìn pé irú iṣan bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fi sára ọ̀dọ́ àgùntàn, dàgbà pẹ̀lú wọn. Lójú tiwa, èyí ni ó yani lẹ́nu jù.

Ní Jámánì, Zimmermann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi collagen àti sẹ́ẹ̀lì ọkàn ṣe ohun tí a lè fi lẹ ọkàn bí aṣọ. Ní 2025 wọ́n ròyìn pé wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkàn ọ̀bọ, àti ti obìnrin kan tí ọkàn rẹ̀ ń kùnà. Lẹ́yìn oṣù 3, nígbà tí a fi ọkàn ẹlòmíràn rọ́pò tirẹ̀, wọ́n rí i pé ẹran náà wà láàyè, iṣan ẹ̀jẹ̀ sì ti wọ inú rẹ̀.

Síbẹ̀ kò lè nípọn púpọ̀, nítorí sẹ́ẹ̀lì tí ó bá jìnnà sí ẹ̀jẹ̀ ju nǹkan bí milimítà 0.2 lọ kì í rí afẹ́fẹ́ tó. Ní 2012, Miller àti Chen fi ṣúgà ṣe okùn tín-ín-rín, wọ́n da jẹ́lì lé e, ṣúgà náà sì yọ́ lọ, ó fi ihò sílẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ lè gbà kọjá.